Bírò Pupa Kì í Ṣe Kòbókò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí mi. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ èdè Yorùbá nínú ọgbà yunifásítì wà lára àwọn tó ń pa èdè náà. Ojoojúmọ́ là ń dá àwọn òbí tó ń bá ọmọ sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ́bi, ẹjọ́ sì wà fún wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tòní kàn wá nílé. Ó kan àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní ọdún kẹta àti ọdún kẹrin, àwọn tó mọ ibi tí àmì ohùn ń gbé, tí wọ́n lè la àkọtọ́ Yorùbá lójú oorun, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bírò.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Jámbáìtì kan á dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, á ní òun fẹ́ ka ewì tí òun kọ. Kò tíì dé ìlà kẹta tí ẹnì kan á ti bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tàbí kó kọ àròkọ ojú ewé kan, kó fi lé ẹ̀gbọ́n kan lọ́wọ́ tìtìjú tìtìjú, kí ìwé náà padà wá pẹ̀lú bírò pupa láti òkè délẹ̀ bí ẹni da epo sí i. Nísàlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?” Àwọn mìíràn á ní, “Ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́ ṣá?” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé náà á ti lọ yíká họ́sítẹ́ẹ̀lì, á ti di ẹ̀fẹ̀. Tó bá di ìpàdé ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kò ní rí ọmọ náà mọ́. Wọ́n á wá ní, “Àwọn jámbáìtì ìsinsìnyí ò fẹ́ràn àṣà.”

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìfiniṣẹ̀sín ni. Àtúnṣe máa ń fi ohun kan lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ìfiniṣẹ̀sín máa ń gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, bó ti wù kó mọ èdè tó, kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní bírò pupa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín yìí, ká mọ ibi tó ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Yorùbá sísọ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Olórí kíláàsì á kọ orúkọ àwọn tó sọ èdè ilé sílẹ̀. Wọ́n á san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ìwé ìjọba kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tó jáde lọ́dún 1977 ní èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà gan-an, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, ohun tí tíṣà ń ṣe ní kíláàsì ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń kọ “okunrin” láìfi àmì kankan sí i kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá ni. Òun náà ló wá jókòó, tó rò ó, tó ní òun máa padà síbi tí wọ́n ti lé òun kúrò. Kí la wá fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Nígbà tó sọ ọ́, wọ́n nà án. Nígbà tó fẹ́ kọ ọ́, à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ibo ni kó wá gbà?

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa dà bí ìwàásù, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ gidi ṣe é. Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú èyí tí olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kọ:

Lana mo nlo si oja, mo ri okunrin kan ti o gbe igba le ori, mo wa gbo iro iban.

Yàtọ̀ sí “mo” àti “kan”, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí bírò pupa kò ní kàn. Ẹlẹ́yà ti rí oúnjẹ. Ó lè fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, kó ní òun ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá gba ìwé yìí padà, kí ló máa mọ̀ ọ́n ṣe lọ́la tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lónìí? Kò sí. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé gbogbo rẹ̀ ni kò dára, ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún pé gbogbo nǹkan rẹ̀ ni kò dára kò ní mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ ya àwọn àṣìṣe náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àkọ́kọ́ ni ti fóònù. Ọ̀pọ̀ fóònù ni kì í fi ẹ, ọ àti ṣ hàn àfi tí èèyàn bá yí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ọmọ tó kọ “oja” lè mọ̀ dájú pé “ọjà” ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò rí ohun tó fẹ́ tẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwàásù lórí àṣà àti ìṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló nílò, kí ẹnì kan jókòó tì í, kí wọ́n jọ fi Yorùbá kún kíbọ́ọ̀dù, irú èyí tó wà nínú Gboard ti Google, kó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àwọn àmì á fi yọ. Ìdajì àṣìṣe orí ìwé yẹn á pòórá lọ́jọ́ yẹn.

Èkejì ni àṣìṣe tó ń yí ìtumọ̀ padà. “Igba” ni kókó gbólóhùn yẹn. Ṣé igbá ni ọkùnrin náà gbé, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Tí a bá sì kà á bó ṣe kọ ọ́ gan-an, iye ni: 200. Ibí yìí ló yẹ kí ẹ ti fi àmì ohùn hàn án, nítorí ibí ló ti máa rí i fúnra rẹ̀ pé àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ bi í pé, “Kí ni ọkùnrin yìí gbé lérí?” Òun fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á mú bírò, á fi àmì òkè sí i. Ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe báyìí kì í tètè lọ lórí ẹni. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó ní kí á máa fajú ro. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká jọ rẹ́rìn-ín sí iṣẹ́ náà, ká má fi ẹni tó ṣe é rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta ni àṣìṣe tí ìlànà kan lè tún ṣe. Ọmọ yẹn kọ “iban” dípò “ìbọn”. Etí rẹ̀ kò tàn án. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, “an” àti “ọn” kò yàtọ̀ síra. Àkọtọ́ ló ní kí á kọ “ọn” lẹ́yìn b, f, gb, p àti w: ìbọn, fọn, gbọ́n, pọ́n, wọ́n. Lẹ́yìn àwọn kọ́ńsónáǹtì yòókù, “an” la sábà ń kọ: ìtàn, ikán, ẹran. Bákan náà ni “nlo”: ẹ sọ fún un pé kó kọ “ń” lọ́tọ̀, kó fi àmì òkè lé e lórí. Ìlànà méjì péré, tí èèyàn lè sọ tán kí gààrí tó rọ̀ nínú omi, á tún ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ṣe. Èébú kan ṣoṣo kò tíì tún ọ̀rọ̀ kan ṣe rí.

Ìyẹn ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá mú ojú ewé mìíràn wá, tí ẹ rí i pé “ń” ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bọ́ sórí òmíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó dára nínú gbólóhùn yẹn, nítorí ó wà níbẹ̀. Ọjà, ọkùnrin kan, igbá lórí, ìbọn ró. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mú òǹkàwé láti inú ohun tó rọrùn bọ́ sínú ìpayà láìfi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lè fi àmì sí gbogbo fáwẹ́lì kò mọ ìyẹn ṣe. Tí ẹ kò bá sọ fún un, ó lè má mọ̀ pé òun ní i, ó sì lè sọ ọ́ nù níbi tó ti ń sáré tẹ̀lé àmì.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ohun kan kún un fún àwọn tó ń fi àkọtọ́ ṣe kòbókò. Ó dà bí ẹni pé wọ́n rò pé láti ọ̀run ló ti sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn ló ṣe é, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àríyànjiyàn. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1843. Nígbà tó di 1852, ó ti gbé òmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ jáde. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. Lọ́dún 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde lọ́dún 1965, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n tún jókòó, ó sì di ọdún 1974 kí ìjọba tó fọwọ́ sí èyí tí à ń lò lónìí.

Ẹ lọ ṣí ìwé àtijọ́ tó wà nínú àpótí bàbá àgbà yín. Ẹ máa rí “aiye”, ẹ máa rí “enia”, “ọkọnrin”, “obirin” àti “yio”. Lónìí, ayé là ń kọ, ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin, yóò. Offa àti Oshogbo ṣì wà lára pátákó ojú ọ̀nà títí di òní. Tí a bá fi ojú tí a fi ń wo jámbáìtì wo àwọn ìwé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, àwọn tó kọ́ wa ní ABD gan-an kò ní yege. Láti 1843 dé 1974 jẹ́ ọdún mọ́kànléláàádóje. Èdè tó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní iye ọdún yẹn kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe kọ ọ́, kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ, òun ni kí á máa pe ohun tí kì í ṣe àṣìṣe ní àṣìṣe. Ọmọ Èkìtì tó kọ “ulé” dípò “ilé” kọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Kò sí ohun tó ń ṣe etí rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe ìyá rẹ̀. Àtúnṣe tó tọ́ sí i ni pé, “Nínú àròkọ yìí, Yorùbá àjùmọ̀lò la ń kọ, nítorí náà ‘ilé’ ni kó o kọ. Ṣùgbọ́n má sọ ‘ulé’ nù o. Lọ́jọ́ tó o bá kọ ìtàn tí ará Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, òun lo máa lò.” Gbólóhùn mẹ́ta péré, ọmọ náà á lọ pẹ̀lú èdè méjì lọ́wọ́ dípò ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín dípò ìyẹn ń kọ́ ọ pé ilé bàbá rẹ̀ ni àṣìṣe. Ǹjẹ́ ẹ rò pé ẹni tí wọ́n kọ́ nírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa fẹ́ kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní Yorùbá lọ́la?

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwa. Ẹgba ló sọ wá dèèyàn. Bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn.” Ó dáa. Ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan fún wákàtí méjì. Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí i pé wọn kì í fa aṣọ òkè oníbàárà lé ọmọ tó dé lánàá lọ́wọ́. Ègé aṣọ tí kò wúlò ni wọ́n fi ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ràn án lọ tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ọjọ́ tó máa ran ọrùn bùbá wọ́. Ọ̀gá rẹ̀ lè jágbe mọ́ ọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má wo ẹnu ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó máa gba aṣọ náà, ó máa fi ìka tọ ojú ibi tí òwú ti yà, ó máa ní, “Tú u láti ibí dé ibí.” Ó tún lè jókòó sídìí ẹ̀rọ, kó ran díẹ̀ kí ọmọ náà rí i. Ọ̀gá tó bá ní kí o tú aṣọ máa ń nawọ́ sí ibi tó yẹ kí o tú. Ẹ̀yin mú igbe ọ̀gá, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ń pè é ní àṣà.

Ká tiẹ̀ ní ẹgba ló sọ yín dèèyàn, ẹ ti ka àwọn tí ẹgba lé lọ? Ẹni tó ti ogun bọ̀ ló ń ròyìn ogun. Àwọn tí wọ́n wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú yín, tí wọ́n ti ibẹ̀ lọ tí wọn kò fọwọ́ kan Yorùbá mọ́, wọn kò sí níbí láti sọ tiwọn.

Àwọn mìíràn á ní, “A ò gbọ́dọ̀ gba gbàgbàkugbà. Tí a bá rọ̀, èdè á bàjẹ́.” Èmi náà kò fẹ́ kó bàjẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo àmì wà níbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n líle ọ̀tọ̀, ẹ̀gàn ọ̀tọ̀. Ẹni tó le á ka iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ìdí tó fi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹni náà tún un kọ, á sì tún un kà nígbà tó bá padà dé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀rín kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àlàyé lè gba ìdajì wákàtí. Nínú méjèèjì, èwo ni iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ràn èdè? Ọ̀lẹ ló ń fi ẹ̀gàn ṣe àtúnṣe. Ẹ tún wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú àwọn apẹ̀gàn wọ̀nyí ṣì ń kọ “wípé” níbi tí “pé” ti tó, wọ́n ṣì ń so “kì í” pọ̀ di “kìí”. Wọ́n ń fi àṣìṣe ẹlòmíràn bo tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo nǹkan, ẹ má tíì yọ̀. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. “Ó dára gan-an, máa bá a lọ!” Kí ló dára níbẹ̀? Ẹ kò kà á tán. Ẹ ti rán ọmọ náà lọ síwájú olùkọ́ àti síwájú ìdánwò pẹ̀lú “mo nlo” lọ́wọ́, ẹ ní ẹ ṣe é lóore. Kò sóore níbẹ̀. Tí ẹ̀fọ́ bá há sí ẹnì kan léyín lóde ìnáwó, oríṣi èèyàn mẹ́ta ló máa rí i. Ẹnì kìíní á pariwo rẹ̀ kí gbogbo tábìlì gbọ́. Ẹnì kejì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní “aṣọ rẹ mà dára o”, á jẹ́ kó lọ ya fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta á fọwọ́ kàn án léjìká, á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sọ ọ́ sí i létí. Ẹni tó pariwo àti ẹni tó dákẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n: àwọn méjèèjì kò ro ti ẹni tí ẹ̀fọ́ há sí léyín.

Fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni ọgbọ́n tí mo ń wí, kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn àgbà ló ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ibi tí a ti sọ ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe pe ẹni tí à ń sọ ọ́ fún wà lára ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ àbúrò. Àwọn kan gba kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni kọjá kí wọ́n tó wọlé sọ́dọ̀ wa, wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n ti bímọ. Tó o bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí á jọ wo ibí yìí,” kò bu ìmọ̀ rẹ kù. Tó bá sì jẹ́ àbúrò gidi ni, jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ lò ń bá wí. “Àmì kò sí lórí ọ̀rọ̀ yìí” yàtọ̀ pátápátá sí “Ìwọ ò mọ nǹkan kan.” Wọ́n lè tún ti àkọ́kọ́ ṣe kí ọjọ́ tó ṣú. Kí ni èèyàn máa fi ìkejì ṣe?

Ó tún dára kí á béèrè ká tó fa ìlà: “Kí lo fẹ́ kí n bá ẹ wò?” Ẹlòmíràn mú àròkọ wá kí o lè bá a wo àkọtọ́ rẹ̀ ṣáájú ìdánwò, mú bírò rẹ, ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn mú ewì wá nípa ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá. Kọ́kọ́ kí i kú ọ̀fọ̀ ná. “Kì í” àti “kìí” lè dúró di ọ̀la.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò owó. Kí gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá fi ẹni kan ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ti ẹni kan ní ọdún kìíní. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀, ohun mẹ́ta láti tún ṣe, ohun kan láti yìn, ìdí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó kọ ọ́ tún un kọ fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a kọ ọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń kà wá, tí ẹ máa ń ní èdè ti bàjẹ́ lẹ́yìn yín, wákàtí kan lóṣù kò le jù. Ẹ gba àròkọ olùbẹ̀rẹ̀ méjì, ẹ kọ àlàyé sí etí rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn rọ́pò ìdárò.

Ẹ̀yin olùbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ má sá. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún fi iṣẹ́ yín rẹ́rìn-ín, ẹ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Kí ló yẹ kí n kọ dípò rẹ̀, kí sì nìdí?” Tó bá ní èsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ ti jèrè lára ẹlẹ́yà. Tí kò bá ní èsì, ẹ ti mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín lòun náà.

Èdè kì í kú nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣàṣìṣe nínú rẹ̀. Ó máa ń kú nígbà tí ojú ń tì wọ́n láti lò ó. “Mo nlo si oja” tí ọmọ kan kọ lónìí lè di “mo ń lọ sí ọjà” lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú ewé tí kò kọ mọ́ rárá, kò sí bírò pupa tó lè tún un ṣe. Nítorí náà, ìwé olùbẹ̀rẹ̀ kan máa tó dé ọwọ́ rẹ. Tún ohun mẹ́ta ṣe níbẹ̀, kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé, kó o sì sọ fún un pé kó mú òmíràn wá.